Ṣé Swan Ni Ẹyẹ Funfun Etí Ọ̀sà? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Láti ìgbà tí a ti tẹ àwòrán swan méjì, ẹyẹ omi ńlá ọlọ́rùn gígùn tí ó jẹ́ ìbátan pépéyẹ, lórí adágún omi kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ìròyìn yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ìsàlẹ̀ Èkó, Súrùlérè, Yábàá àti Lẹ́kì. A ti mú èyí tí àyè gbà nínú wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Nígbà tí a ń kó àwọn ọmọ kọjá lórí Afárá Third Mainland, wọ́n rí ẹyẹ ńlá kan tí ó funfun báláú, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ó dúró nínú omi lápá Makoko. Gbogbo wọn pariwo pé swan ni, nítorí pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé àwòrán wọn. N kò fẹ́ kọ́ wọn ní ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ǹjẹ́ swan wà nínú ọ̀sà Èkó? — Olùkọ́, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Kò sí swan nínú ọ̀sà Èkó, kò sì sí odò tàbí adágún kan ní Nàìjíríà tí ó ti ń gbé fúnra rẹ̀. Oríṣi swan mẹ́fà ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ sábà máa ń kà. Mẹ́rin nínú wọn funfun látòkèdélẹ̀, apá àríwá ayé ni wọ́n sì ń gbé, ní Yúróòpù, Éṣíà àti Àríwá Amẹ́ríkà. Ọ̀kan dúdú, Ọsirélíà ni ilé rẹ̀. Èyí tí ó kù ní ara funfun àti ọrùn dúdú, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó wà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Áfíríkà ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà jẹ́ ilé àbínibí rẹ̀.

Àwọ̀ funfun àti ọrùn gígùn ni ó ṣi àwọn ọmọ náà lọ́nà, a kò sì lè bá wọn wí, nítorí pé ohun méjèèjì yìí ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni àmì tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù lára ẹyẹ omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná, kí wọ́n wo ẹsẹ̀. Ẹyẹ tí ẹ rí dúró nínú omi lórí ẹsẹ̀ gígùn tín-ín-rín, bí ẹni tí ó ká ṣòkòtò sókè kí omi má bàa tó o. Ẹsẹ̀ swan kúrú, ó nípọn, awọ sì so àwọn ọmọ ìka rẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ti pépéyẹ, nítorí pé wíwẹ̀ ni a fi dá a. Bí swan bá wà nínú omi tí ó jìn díẹ̀, ẹ kò ní rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò léfòó. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ fò, kò lè fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti sáré gba ojú omi lọ, kí ó máa fi ẹsẹ̀ na omi pàápàá, títí ìyẹ́ rẹ̀ yóò fi gbé e. Ẹyẹ tí àwọn ọmọ rí kàn máa ń fo pátá kúrò níbi tí ó dúró sí ni.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, kí wọ́n wo ọrùn nígbà tí ẹyẹ bá wà lójú ọ̀run. Swan máa ń na ọrùn rẹ̀ tààrà síwájú bí ó bá ń fò. Lékeléke àti gbogbo ìbátan rẹ̀ máa ń ká ọrùn wọn pọ̀ sáàárín èjìká, ẹsẹ̀ wọn yóò sì nà sẹ́yìn kọjá ìrù. Àmì yìí dájú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè mọ ẹyẹ náà láti inú ọkọ̀ tí ó ń sáré lórí afárá, bí ó tilẹ̀ jìnnà débi pé ẹ kò lè rí ojú rẹ̀. Kíká yẹn wúlò fún ẹyẹ náà: eegun ọrùn rẹ̀ ní orígun kan láàárín tí ó ń jẹ́ kí ọrùn ṣẹ́ po, kí ó sì lè yọ jáde lójijì láti gún ẹja. Swan ní tirẹ̀ kì í gún ẹja. Koríko inú omi ni oúnjẹ rẹ̀. Ọrùn rẹ̀, tí eegun rẹ̀ tó 22 sí 25 nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ 7, ni ó fi ń wá a nísàlẹ̀ omi, ìdí rẹ̀ a sì máa dúró gangan sókè.

Nítorí náà, a lè fi ìdánilójú sọ fún àwọn ọmọ pé ìbátan lékeléke ni wọ́n rí. Mẹ́ta funfun ló wọ́pọ̀ ní Èkó. Lékeléke tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ó máa ń tẹ̀ lé màlúù láti ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú sókè, tí a sì máa ń rí lórí ààtàn pẹ̀lú, kúrú lọ́rùn, àgógó rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ó máa ń lọ sí òkè ọyà nígbà òjò. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní little egret, ní àgógó dúdú tín-ín-rín, ẹsẹ̀ dúdú, àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ti í bọ inú ọ̀dà ìyeyè. Ẹ̀kẹta ni great egret, òun ni ó tóbi jù: ó ga tó mítà kan, ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka rẹ̀ dúdú pátápátá, ó sì máa ń dúró láìmira fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹyẹ yín bá tóbi tó bí wọ́n ṣe sọ, òun náà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí ó ti ga tó yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ, nígbà tí akọ swan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè tó kílò 12.

Àwọn àgbà tí ó ń wúre pé agbe ni ó ni aró, àlùkò ni ó ni osùn, lékeléke ni ó ni ẹfun, mọ ẹyẹ tí wọ́n ń fi funfun fún. Ó dùn wá pé ọmọ tí ó mọ bí a ṣe ń na ọwọ́ sí lékeléke pé kí ó fún òun ní funfun èékánná lè dàgbà láìmọ̀ pé ẹyẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń kọjá lórí òun. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá lè kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre, tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ń bójú tó, kí ó jẹ́ òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú àti kí èrò tó pọ̀.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní oṣù Karùn-ún. Ọmọ-ọmọ mi ń ju búrẹ́dì sí ẹyẹ swan létí odò, ni ọ̀kan bá gbé ìyẹ́ rẹ̀ sókè lórí ẹ̀yìn, ó ń mí fùù bí ejò, ó sì ń bọ̀ wá bá ọmọ náà. Àgógó rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, kókó dúdú sì wà lórí rẹ̀. Àyà mi já. Ṣé ẹyẹ burúkú ni? Àti pé wọ́n ní ọba wọn ni ó ni gbogbo ẹyẹ yìí, ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá wa, ẹ kú àyàjá. A bá yín dúpẹ́ pé ohunkóhun kò ṣe ọmọ náà. Ẹyẹ burúkú kọ́. Mute swan ni, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kókó dúdú tí ẹ rí náà sì ni àmì tí kò sí lára swan funfun mìíràn. Ti akọ máa ń tóbi ju ti abo lọ. Ohun tí ó ṣe nínú fídíò yẹn jẹ́ ìkìlọ̀. Bí akọ bá rí ẹni tí ó sún mọ́ ìtẹ́ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, yóò gbé ìyẹ́ méjèèjì sókè kí ara rẹ̀ lè tóbi lójú ẹni tí ó ń bọ̀, yóò fa ọrùn sẹ́yìn sáàárín ìyẹ́, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti omi lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa fò síwájú ní ìdúdúró. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni ó máa ń tẹ̀ lé èkejì, ó sì máa ń lọ jẹ́jẹ́. Bí ọmọ yín bá mọ ìyàtọ̀ yìí, yóò ti mọ ohun tí ẹyẹ náà ní lọ́kàn kí ó tó dé etí omi.

Oṣù tí ẹ dárúkọ ti sọ ìyókù fún wa. Ní nǹkan bí oṣù Kẹrin ni ọ̀pọ̀ mute swan máa ń yé ẹyin, márùn-ún sí méje lọ́pọ̀ ìgbà. Abo ni ó máa ń sàba jù, fún nǹkan bí ọjọ́ 36, akọ a sì máa ṣọ́ àyíká. Bí wọ́n bá pamọ tán, àwọn ọmọ aláwọ̀ eérú náà kò ní lè fò títí di oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, bàbá àti ìyá wọn kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀ láàárín àkókò yìí. Ènìyàn nìkan kọ́ ni akọ ń lé. Ó máa ń lé swan mìíràn ju bí ó ti ń lé ènìyàn lọ, ìjà akọ méjì sì lè le débi pé ọ̀kan yóò rì èkejì sínú omi.

Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé swan lè fi ìyẹ́ kan ṣoṣo ṣẹ́ ènìyàn lápá. Àsọdùn ni. Ìyẹ́ rẹ̀ lágbára, bí ó bá nà á ó ju mítà méjì lọ, ó sì lè na ọmọdé lulẹ̀, ṣùgbọ́n eegun inú rẹ̀ fúyẹ́ kí ó lè fò. Kí ọmọ yín fi ọmọ náà sẹ́yìn, kí ó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, kí ó má sì dúró láàárín swan àti àwọn ọmọ rẹ̀ láé. Bí ẹyẹ náà bá ti rí i pé wọ́n ń lọ, yóò sọ ìyẹ́ kalẹ̀.

Ní ti búrẹ́dì, díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bu máa ń ṣe wọ́n ní jàm̀bá. Àlìkámà tàbí ẹ̀fọ́ bíi lẹ́tísì sàn jù, kí wọ́n sì jù ú sínú omi, kì í ṣe sórí ilẹ̀, kí ẹyẹ má bàa máa jáde tẹ̀ lé ènìyàn lọ sí ojú títì. Ohun mìíràn wà tí inú wa máa ń bàjẹ́ sí. Gẹ́gẹ́ bí adìyẹ, swan máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Nígbà tí àwọn apẹja oníwọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo òjé láti mú ìwọ̀ wọn rì, swan ń gbé òjé náà mì pọ̀ mọ́ òkúta, májèlé rẹ̀ sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1987 ni wọ́n fi òfin de títa òjé wọ̀nyẹn, iye swan sì pọ̀ sí i lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ọmọ yín lè tún rí swan tí kò lè fò rárá. Kí ó má rò pé ó ń ṣàìsàn. Ìyẹ́ ńlá tí ó fi ń fò máa ń re lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí tuntun tó hù. Láàárín tọkọtaya tí ó ní ọmọ, ti abo ni ó kọ́kọ́ máa ń re. Bí tirẹ̀ bá ti ń hù padà ni ti akọ yóò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn lè máa wà tí ó lè fò.

Ọ̀rọ̀ ọba jẹ́ òótọ́ ní apá kan. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ sí mute swan tí kò ní àmì lára, tí ó wà lórí omi gbangba. Lórí odò Thames, ẹgbẹ́ àwọn oníwáìnì àti ẹgbẹ́ àwọn aláró ti ìlú London náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù Keje ọdọọdún ni wọ́n máa ń wa ọkọ̀ ojú omi jáde láti ka àwọn swan àti ọmọ wọn, kí wọ́n sì yẹ ìlera wọn wò. Láyé àtijọ́, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ wọ́n níbi àsè. Òfin ọdún 1981 kan sì wà ní Britain tí ó dáàbò bo gbogbo ẹyẹ ìgbẹ́ pẹ̀lú ìtẹ́ àti ẹyin wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìtẹ́ swan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, mo fẹ́ lọ kàwé ní Scotland ní oṣù Kẹwàá. Mo fẹ́ràn ẹyẹ púpọ̀. Báwo ni màá ṣe mọ oríṣi swan tí mo bá rí? — Àbúrò yín, Yábàá

Àbúrò, àkókò tí ó dára ni wàá dé ibẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni whooper swan máa ń ti Iceland fò wọ Scotland nítorí òtútù. Àgógó ni kí o máa wò. Bí ó bá ní àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú kókó dúdú, mute swan ni. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè àti dúdú, tí ìyeyè náà gùn, tí ó sì ṣóńṣó kọjá ihò imú, whooper ni. Bí ìyeyè bá mọ níwọ̀n, tí kò dé ìdajì àgógó, tí ẹyẹ náà sì kéré, Bewick's ni, tí ó ń ti etí òkun yìnyín ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá. England ni wàá ti rí i jù. Bí àwòrán ìyeyè àti dúdú yẹn ṣe rí yàtọ̀ láti orí ẹyẹ kan sí èkejì, débi pé láti ọdún 1964 ni Peter Scott, onímọ̀ ẹyẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dá Bewick's kọ̀ọ̀kan mọ̀ ní Slimbridge ní England, tí wọ́n sì ń fún wọn lórúkọ.

Fi etí sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí mute swan bá ń fò kọjá, ìyẹ́ rẹ̀ máa ń dún hùn-ún hùn-ún, wàá sì gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ìyẹ́ whooper kì í dún bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹnu rẹ̀ ni ó ń dún bíi fèrè. Bí o bá rí agbo whooper tí gbogbo wọn ń mi orí sókè sódò, tí wọ́n sì ń pe ara wọn, dúró díẹ̀ sí i: wọ́n fẹ́ fò nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ibi ìgbéyàwó ni mò ń ṣe ní Súrùlérè. Àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ àwòrán swan méjì tí ọrùn wọn kọjú síra, wọ́n ní swan kì í fẹ́ ẹlòmíràn láyé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Aláṣọ Ọ̀ṣọ́, Súrùlérè

Ọ̀pọ̀ swan máa ń wà pẹ̀lú ẹnì kejì wọn fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ẹ kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, èyí tí ó kù sábà máa ń wá ẹlòmíràn. Mute swan tí ìtẹ́ wọn bàjẹ́ lè pínyà. Láàárín Bewick's ni ìpínyà ti ṣọ̀wọ́n gan-an, bóyá nítorí pé ìrìn àjò wọn jìn, àkókò tí wọ́n ní láti tọ́ ọmọ sì kúrú, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún wíwá ọkọ tàbí aya tuntun. Ti swan dúdú ilẹ̀ Ọsirélíà yàtọ̀: àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé ọmọ akọ mìíràn máa ń wà nínú ìtẹ́ tọkọtaya. Ní ti ọrùn méjì tí ó kọjú síra, òótọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó gun ara wọn, wọ́n máa ń dojú kọ ara wọn, wọn a jọ máa ri orí bọ omi, wọn a sì máa yí orí sọ́tùn-ún sósì.

Mo ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Lẹ́kì, mo sì ti gbẹ́ adágún kékeré síwájú rẹ̀. Mo fẹ́ kó swan méjì wọlé láti òkè òkun. — Onígbọ̀ngàn, Lẹ́kì

Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹyẹ, yálà ààyè tàbí òkú, wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà kí ó wọlé. Yàtọ̀ sí òfin, ẹyẹ tí ó nílò omi gbọọrọ láti sáré lórí rẹ̀ kí ó tó fò, tí ó sì ń fa koríko inú omi jẹ ní gbogbo ọjọ́, kò ní rí ohunkóhun nínú adágún kékeré àfi ìyà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ojúoró àti òṣíbàtà hù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹ kò sì fi oògùn pa kòkòrò ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ tiwa wá fúnra wọn.

Apẹja ni mí tẹ́lẹ̀. Ní etí òkun, lórí àwọn òkúta tí wọ́n kó síbẹ̀ láti dá omi dúró, mo máa ń rí ẹyẹ kan tí ó rí bíi lékeléke gẹ́lẹ́ àmọ́ tí ó dúdú bí eérú, ọ̀fun rẹ̀ nìkan ni ó funfun. Àwọn ọmọ mi ní swan dúdú ni. — Bàbá Àgbà, Erékùṣù Èkó

Bàbá wa, ojú yín ni ó tọ̀nà nígbà tí ẹ sọ pé ó rí bíi lékeléke. Swan dúdú ní àgógó pupa tí ìlà funfun kan dábùú rẹ̀, omi ni ó sì ń wẹ̀, kì í dúró lórí òkúta dọdẹ ẹja. Western reef heron ni ẹyẹ yín, ọmọ etí òkun gidi. Ẹ ó ti rí i tí ó ń sáré káàkiri nínú omi tí kò jìn, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ru ilẹ̀ ìsàlẹ̀, tí ó sì ń la ìyẹ́ lójijì láti dẹ́rù ba ẹja kéékèèké. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí hàn àwọn ọmọ yín: ẹyẹ kan náà yìí ní irú tí ó funfun pátápátá, a sì lè rí dúdú àti funfun lórí òkúta kan náà. Bí wọ́n bá rí èyí tí ó funfun, wọ́n lè ṣì í mú fún little egret tí a sọ lókè. Kí wọ́n wo àgógó rẹ̀ dáadáa, ó máa ń nípọn ju ti little egret lọ, ó sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, nígbà tí ti little egret tín-ín-rín tí ó sì dúdú.